FRET Cy3–Cy5 lórí DNA 35 bp: kí ló dé tí Cy3 ń mọ́lẹ̀ sí i nígbà tí IHF wọ̀ ọ́?

OkùnMéjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nọ́ńbà iṣẹ́ kan kò bára mu lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

FRET ni mo fi ń wo bí IHF ṣe ń tẹ DNA: aró kan máa ń fún aró mìíràn tó wà nítòsí ní agbára ìmọ́lẹ̀ tó gbà, bí wọ́n bá sì ṣe súnmọ́ra tó ni ó ṣe ń fún un tó. IHF ni prótéènì inú E. coli tó máa ń ká DNA kò, ibùdó H′ ti fáírọ́ọ̀sì lambda ni mo sì lò. DNA náà gùn ní 35 bp (lẹ́tà méjì-méjì tó so pọ̀). Aró Cy3 wà ní ìpẹ̀kun 5′ okùn òkè, aró Cy5 wà ní ìpẹ̀kun 5′ okùn ìsàlẹ̀, ìyẹn ni pé orí kan ni Cy3 wà, orí kejì ni Cy5 wà. Mo rò pé bí IHF bá ti ká a kò, orí méjèèjì á súnmọ́ra, Cy3 tó jẹ́ olùfúnni á rẹ̀ sílẹ̀, Cy5 tó jẹ́ olùgbà á sì mọ́lẹ̀ sí i.

Mo po okùn méjèèjì ní 1:1, mo gbé e sí 95 °C fún ìṣẹ́jú 5, mo sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà nínú cuvette ni 50 nM DNA, 10 mM Tris-HCl pH 8.0, 100 mM KCl àti 1 mM EDTA, 120 µL lápapọ̀, ní 25 °C. Ìmọ́lẹ̀ 530 nm ni mo ń tàn sí i, mo sì ń kà láti 545 dé 750 nm. 3 µL IHF 4 µM ni mo bù sí i, ó wá di nǹkan bí 100 nM. Bọ́fà tí IHF wà nínú rẹ̀ ní glycerol 50% àti TCEP 1 mM (kẹ́míkà tó ń dáàbò bo prótéènì).

Kí IHF tó wọ̀ ọ́: 565 nm jẹ́ 1000, 668 nm jẹ́ 163.
Lẹ́yìn IHF: 565 nm jẹ́ 1180, 668 nm jẹ́ 333.

Mo fi E = F_A/(F_A + F_D) ṣírò rẹ̀ (E ni ìdá agbára tí Cy3 fún Cy5, F_A ni ìmọ́lẹ̀ Cy5 ní 668, F_D ni ti Cy3 ní 565). Ó fún mi ní 0.14 ṣáájú, 0.22 lẹ́yìn. Pẹ̀lú R₀ 5.4 nm (àlàfo tí E ti jẹ́ 0.5), 7.3 nm ni àlàfo ṣáájú, 6.7 nm lẹ́yìn. Ibi tó ti dojú rú fún mi ni pé 35 bp lọ́nà 0.34 nm jẹ́ 11.9 nm. Báwo ni 7.3 ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà? Cy3 tó yẹ kó lọ sílẹ̀ sì tún fi 18% gòkè. Ṣé IHF mi ti bàjẹ́ ni, àbí DNA kò tẹ̀ rárá?

ÀgbàÌmọ́lẹ̀

O kú iṣẹ́, àbúrò. Má tíì da IHF rẹ nù, kò sí ohun tó fi hàn pé ó bàjẹ́. Ìṣirò ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí 0.14 tó o rí kí prótéènì tó wọ̀ ọ́ kì í ṣe FRET.

Fi 11.9 nm sínú ìlànà Förster, E = 1/(1 + (r/R₀)⁶). 11.9/5.4 jẹ́ 2.204, 2.204⁶ sì súnmọ́ 115. E wá jẹ́ 1/116, kò tilẹ̀ pé 0.01. DNA tó na tàntàn kò yẹ kó fún ọ ní nǹkan kan tó ṣeé kà. Nítorí náà, gbogbo 163 tó wà ní 668 nm, ibòmíràn ló ti wá.

Ohun mẹ́ta ló ń dà pọ̀ níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ Cy3 kì í tán ní 565, ìrù rẹ̀ gùn kọjá 668. 530 nm tó o ń tàn sí Cy3 ń kan Cy5 náà díẹ̀, Cy5 á sì tàn láìjẹ́ pé Cy3 fún un ní ohunkóhun. Ẹ̀kẹta tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí ni Raman omi. Omi máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì sún tó 3400 cm⁻¹. Bí o bá tan 530 nm, òkìtì Raman á bọ́ sí nǹkan bí 647 nm, ní ẹsẹ̀ ṣóńṣó Cy5 gan-an. Ní 50 nM, nígbà tí Cy5 kò tíì rí nǹkan gbà, ó hàn ketekete.

Sáńpù mẹ́rin lo nílò, nínú bọ́fà kan náà, nínú cuvette kan náà:

D: okùn Cy3 pẹ̀lú okùn ìsàlẹ̀ tí kò ní aró
A: okùn òkè tí kò ní aró pẹ̀lú okùn Cy5
DA: èyí tó ní aró méjèèjì
B: DNA kan náà láìní aró kankan

Ka ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsí IHF, kí o tún kà á pẹ̀lú IHF. Kíkà mẹ́jọ nìyẹn, má fo ọ̀kankan. Yọ B kúrò lára àwọn tó kù, Raman á bá a lọ. Lára D, pín 668 sí 565, ìdá ìrù Cy3 nìyẹn. Lára A, ka 668 nígbà tó o tan 530 sí i. Lẹ́yìn náà:

F_A gidi = (DA ní 668) − (ìdá ìrù × DA ní 565) − (A ní 668)

O tún lè sún ìmọ́lẹ̀ tó ò ń tàn sẹ́yìn sí 515 nm. Cy3 ní èjìká kan ní àyíká 515 sí 520, ó ṣì ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa níbẹ̀, Cy5 kò sì rí nǹkan púpọ̀ gbà. Raman náà á kúrò lábẹ́ Cy5, á lọ sí nǹkan bí 624 nm. Ṣóńṣó Cy3 á kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kù á mọ́.

Ohun kan tí kò yẹ kó dà ọ́ láàmú ni pé bóyá aró pọ̀ jù nínú cuvette débi pé ó ń gba ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀. 50 nM Cy3 lọ́nà 150,000 M⁻¹cm⁻¹ jẹ́ 0.0075, Cy5 lọ́nà 250,000 jẹ́ 0.0125. Ó jìnnà sí 0.05 tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

IléAró

Gbogbo ohun tí ọ̀gá sọ ni mo fara mọ́. Ní ti Cy3 tó ń gòkè, PIFE nìyẹn, ìyẹn ni pé prótéènì tó wà nítòsí ń mú kí aró tàn sí i, ó sì ṣe pàtàkì fún prótéènì yìí gan-an.

Cy3 ní ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù láàárín òrùka rẹ̀ méjèèjì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ẹ̀wọ̀n yẹn lè yí po, agbára tó gbà á sì di ooru dípò kó jáde bí ìmọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Cy3 tó wà ní gbayawu nínú omi kì í tàn tó bí agbára tó gbà ṣe pọ̀ tó. Bí prótéènì bá wá há a mọ́, kò ráyè yí mọ́, ó wá ń tàn. Cy5 lè má sí nítòsí rárá, yóò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹ wo bí IHF ṣe ń mú DNA. Àwòrán kírísítà tí Rice àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1996, DNA H′ 35 bp ni wọ́n lò. DNA náà tẹ̀ ju ìwọ̀n 160 lọ, apá rẹ̀ méjèèjì sì fara ti ẹ̀gbẹ́ prótéènì. Orí DNA tí ẹ lẹ aró mọ́, ẹ̀gbẹ́ prótéènì ló wà. Ohun méjì tó ń tako ara wọn ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí Cy3 kan náà: PIFE ń gbé e sókè, FRET ń fà á wálẹ̀. 1180 tí ẹ rí ni ibi tí méjèèjì pàdé sí. Ẹni tó bá wo Cy3 nìkan lára DA á ní kò sí FRET, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi DA láìsí IHF ṣe òṣùwọ̀n. D pẹ̀lú IHF ni òṣùwọ̀n DA pẹ̀lú IHF: E = 1 − F_DA/F_D (ìmọ́lẹ̀ Cy3 ní 565 nínú DA àti nínú D), méjèèjì pẹ̀lú prótéènì.

Wàhálà kejì tó bá PIFE rìn ni R₀. Bí Cy3 bá ń tàn sí i, Q rẹ̀ (ìdá ohun tó gbà tó ń dá padà bí ìmọ́lẹ̀) ti pọ̀ sí i, Q sì wà nínú R₀:

R₀ = 0.0211 (κ² n⁻⁴ Q J)^(1/6), ní nm (κ² ni bí aró méjèèjì ṣe dojú kọra, n ni bí omi ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀, J ni bí ìmọ́lẹ̀ Cy3 ṣe bá ohun tí Cy5 ń gbà mu)

Nítorí náà 5.4 tí gbogbo èèyàn ń lò kì í ṣe tiyín mọ́ nígbà tí IHF bá ti wọ̀ ọ́. Ẹ wo iye ìgbà tí D fi gòkè, kí ẹ wá root kẹfà rẹ̀, kí ẹ sì fi lọ́ 5.4.

Jẹ́ẹ̀lìMéjìlá

Ọ̀rọ̀ 1:1 yẹn ni mo fẹ́ mú. Kíkà A260 (ìmọ́lẹ̀ 260 nm tí DNA ń gbà, tí a fi ń mọ iye rẹ̀) lè ṣì ọ́ lọ́nà pẹ̀lú 5 sí 10% nírọ̀rùn, pàápàá bí o kò bá yọ ohun tí aró fúnra rẹ̀ ń gbà ní 260. Okùn Cy3 tí kò rí ẹnìkejì rẹ̀ á dà bíi DNA tí E rẹ̀ jẹ́ 0, á sì fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Bí o bá máa fi Cy3 tó rẹ̀ sílẹ̀ ṣírò E, jẹ́ kí okùn Cy5 pọ̀ díẹ̀, 1.2 sí 1, kí o sì ṣe sáńpù A pẹ̀lú 1.2 kan náà.

So wọ́n pọ̀ ní 1 µM nínú 10 mM Tris pH 8.0 pẹ̀lú 100 mM KCl. Láìsí iyọ̀, DNA kúkúrú kì í so dáadáa. Ìṣẹ́jú 2 ní 95 °C ti tó, ìṣẹ́jú 5 ń fìyà jẹ Cy5 lásán. Lẹ́yìn náà, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní 1 °C ní ìṣẹ́jú kan títí dé 25, nínú òkùnkùn. Bí kò bá sí ẹ̀rọ PCR, fi túùbù náà léfòó nínú ìkòkò omi tó ti hó, gbé e kúrò lórí iná, bò ó, kí o jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Fi jẹ́ẹ̀lì acrylamide 12% tí kò ní urea yẹ̀ ẹ́ wò, TBE 1×, ní 4 °C. Má fi ẹtídíọ́ọ̀mù tàbí aró mìíràn kùn ún. Wo Cy3 àti Cy5 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ẹ̀rọ àyàwòrán. Bí o bá rí ìlà Cy3 kan tó sáré ju ti DNA olókùn-méjì lọ, okùn kan ṣoṣo nìyẹn. Bí ó bá ju 5% lọ, tún un so, tàbí gé ìlà tó dára jáde kí o sì fọ̀ ọ́ mọ́.

TCEP máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n Cy5, á sì pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Nínú 3 µL tó o bù, ohun tó wọ cuvette jẹ́ 25 µM, ó kéré. Ṣùgbọ́n tó o bá ń bu IHF sí i títí ó fi di 30 µL nígbà tó o bá ń wá ibi tó ti kún, ó ti di 200 µM nìyẹn, wàá sì rí Cy5 tó ń kú tí wàá máa rò pé DNA ń na padà. Fi DTT 1 mM rọ́pò rẹ̀ nínú bọ́fà IHF. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé kí o tan 630 nm tààrà sí Cy5, kí o ka 668 kí IHF tó wọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju bí omi tó o bù kún un ṣe yẹ kó dín in kù lọ, TCEP ni, tàbí DNA ń lẹ̀ mọ́ ara cuvette. Fún ìyẹn, BSA 0.1 mg/mL máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú gbogbo sáńpù ni kó wà, títí kan B.

Glycerol náà máa ń jẹ́ kí Cy3 mọ́lẹ̀ sí i nítorí ó ki. 1.2% tó wọ cuvette rẹ kò tó nǹkan, àmọ́ bu bọ́fà IHF tí kò ní IHF sí D lẹ́ẹ̀kan, kí ojú rẹ lè rí i.

Gílóòbù xenon gbọ́dọ̀ gbóná ìṣẹ́jú 30 kí o tó kà. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tó sì dé padà, tún dúró ìṣẹ́jú 30, kí o sì tún D kà kí o tó tẹ̀ síwájú. Má fi kíkà tó ṣáájú wé èyí tó tẹ̀ lé e bí D kò bá tíì padà sí iye tó wà.

OkùnMéjì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe kíkà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, B ti kúrò lára wọn. DA kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, torí B kéré ní 668. Jẹ́ẹ̀lì mọ́.

D: 1000 láìsí IHF, 1500 pẹ̀lú IHF. Ìrù rẹ̀ ní 668 jẹ́ 8% nígbà méjèèjì.
A: 75 láìsí IHF, 74 pẹ̀lú rẹ̀.
DA: 1000 àti 163 láìsí IHF, 1180 àti 333 pẹ̀lú rẹ̀.

ÀgbàÌmọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Ká jọ ṣe é.

Láìsí IHF: 163 − 80 − 75 = 8. 8 pín sí 1008 jẹ́ 0.008. DNA tó na tàntàn, bí ìṣirò ṣe sọ. Ṣùgbọ́n má fi 0.008 yẹn ṣírò àlàfo. Bí ìdá ìrù bá yí láti 8% sí 8.5%, nọ́ńbà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. "Ó ju 10 nm lọ" ni kí o kọ, kí o fi síbẹ̀.

Pẹ̀lú IHF: 333 − (0.08 × 1180) − 74 = 165. Cy5 gba agbára lóòótọ́. Láti ọ̀dọ̀ Cy3: E = 1 − 1180/1500 = 0.213. DNA rẹ tẹ̀, IHF rẹ sì ń ṣiṣẹ́.

Bí o bá lo 165/(165 + 1180), 0.12 lo máa rí, kì í sì í ṣe àṣìṣe ìrù mọ́. Cy5 kì í da gbogbo ohun tó gbà padà bí ìmọ́lẹ̀, ojú ẹ̀rọ kì í sì í rí pupa bó ṣe ń rí àwọ̀ ewé àti ọsàn. γ ló ń tún ìyẹn ṣe. Cy3 pàdánù 1500 − 1180 = 320, Cy5 sì fi 165 hàn, γ rẹ jẹ́ nǹkan bí 0.52 lórí ẹ̀rọ yìí, pẹ̀lú ihò ìmọ́lẹ̀ tó o ṣí yìí. Bí o bá yí ihò tàbí ìgùn ìgbì padà, tún un wá.

Ó ku R₀. D fi ìlọ́po 1.5 gòkè, root kẹfà 1.5 jẹ́ 1.07, R₀ wá di 5.78 nm. r = 5.78 × (1/0.213 − 1)^(1/6) = 7.2 nm. Bí o bá fi 5.4 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 6.7 lo máa rí, nọ́ńbà kan náà tó o kọ́kọ́ kọ. Ó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ ni. Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ kò tọ́.

Ká tún ní 10% okùn Cy3 rẹ kò ní ẹnìkejì. E á lọ sí 0.237, r á sì di 7.0. E yí gan-an, àlàfo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan, agbára mẹ́fà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àánú ló jẹ́ fún wa ní àyíká R₀, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé r tó dúró dáadáa kò fi hàn pé sáńpù mọ́.

Jẹ́ẹ̀lìMéjìlá

Mo fẹ́ kí o gba ọ̀nà mìíràn dé E kan náà, èyí tí Clegg kọ sílẹ̀ ní 1992, tí wọ́n ń pè ní (ratio)_A. Kò bìkítà bóyá PIFE gbé Cy3 sókè.

Tan 530 sí DA, yọ àwòrán ìmọ́lẹ̀ D kúrò títí Cy3 fi di òfo, ka 668. Tan 630 sí sáńpù kan náà láìmú un kúrò, ka 668. Pín àkọ́kọ́ sí ìkejì. Ṣe bákan náà fún A, kí o yọ ìdá tirẹ̀ kúrò. Ohun tó kù, fi ε (agbára láti gba ìmọ́lẹ̀) Cy5 ní 630 lọ́ ọ, kí o pín in sí ε Cy3 ní 530. E nìyẹn. Rí i pé ẹ̀rọ ń fi ìmọ́lẹ̀ gílóòbù pín kíkà ara rẹ̀, torí gílóòbù kì í mọ́lẹ̀ bákan náà ní 530 àti 630.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn mi nípa 1.2 ti yí padà. Nínú (ratio)_A, Cy5 ni a ń kà, okùn Cy5 tí kò ní Cy3 ló sì ń ba E jẹ́. Jẹ́ kí okùn Cy3 ló pọ̀ ní 1.2. Cy3 tó ṣẹ́kù á bá D lọ nígbà tó o bá yọ ọ́.

Kí o tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀, rí i pé gbogbo DNA ló ti mú IHF. Fi DNA sí 50 nM, kí o bu IHF: 0, 10, 20, 30, 40, 50, 60, 80, 100, 150 nM. Ní 100 mM KCl, IHF mú H′ le gan-an, ìlà náà á gòkè gbọnrangandan, á sì ṣẹ́ lójijì. Ibi tó ṣẹ́ ló ń sọ iye IHF tó ń ṣiṣẹ́: bí ó bá ṣẹ́ ní 70 nM dípò 50, nǹkan bí 71% ló dára nínú prótéènì rẹ. Ṣe D náà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ìlà bá ń gòkè lẹ́yìn tó ti ṣẹ́, IHF ń lẹ̀ mọ́ DNA níbi tí kì í ṣe tirẹ̀, gbé KCl lọ sí 150. Ṣe DNA 35 bp mìíràn tí o ti da lẹ́tà rẹ̀ rú láti fi ṣe ìfiwéra.

IléAró

7.2 nm yẹn, ẹ má tíì fi wé àwòrán kírísítà. κ² ni a ní ó jẹ́ 2/3, ìyẹn ni pé aró méjèèjì ń yí fàlàlà. Cy3 àti Cy5 tó wà ní ìpẹ̀kun 5′ DNA olókùn-méjì kì í yí bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí orí DNA bíi pé bp kan ni wọ́n kún un. Prótéènì tó tún há wọn mọ́ ń mú kó burú sí i, κ² sì lè wà níbikíbi láàárín 0 àti 4. Ẹ fi pólárísà wo anisotropy (bí aró kò ṣe ráyè yí tó) D pẹ̀lú IHF, àti ti A pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ 630. Bí méjèèjì bá wà lábẹ́ 0.2, 2/3 ṣeé fara mọ́. Bí wọ́n bá ń lọ sí 0.3, E yín ṣì dára, nanomítà ni kò dára. Ẹ wá fi pólárísà kejì sí ìwọ̀n 54.7 nígbà tí ẹ bá ń ka gbogbo àwọn tó kù, kí yíyí aró má bàa wọ inú kíkà.

Bí owó bá wà, Cy3B ni kí ẹ pààrọ̀ sí. Wọ́n ti de ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pa, kò lè yí po, PIFE rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fluorescein dín owó, ó sì ṣeé lò ní pH 8, ṣùgbọ́n pKa rẹ̀ wà ní nǹkan bí 6.4, pH tó bá sún díẹ̀ á yí i, G tó bá wà nítòsí á sì pa á. Bí ẹ bá sì fẹ́ fa apá DNA gùn kí aró lè jìnnà sí prótéènì, 10 tàbí 11 bp ni kí ẹ fi kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyípo kan pérépéré. Bí ẹ bá fi 5 kún un, aró á bọ́ sí òdìkejì DNA.

Bí Cy3B bá dé, D nìkan pẹ̀lú IHF ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó so Cy5 mọ́ ọn. Bí kò bá yí kọjá 5%, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò R₀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Q Cy3B pọ̀ ju ti Cy3 lọ dáadáa, 5.4 kéré jù fún un.